Jókòó Kí O Ṣírò: Ẹ̀kọ́ fún Ọdún SS2

Bíbélì fún kíkà: Lúùkù 14:28-30, Jẹ́nẹ́sísì 41:25-36, Òwe 24:27

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹni tó bá jókòó ṣírò ní SS2 kò ní máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú kiri ní SS3.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ti kúrò ní ilé-ìwé gírámà tipẹ́. Ẹlòmíì wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ẹlòmíì ti sin ìlú tán, ó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ló wá kàn yín nínú ọ̀rọ̀ SS2? Ó kàn yín nítorí pé ó ṣòro ká rí ẹnì kan nínú wa tí kò ní àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n, tàbí ọmọ ìjọ kan tó wà ní kíláàsì náà báyìí. Nínú gbogbo ẹni tó mọ ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọmọ náà jù. Òbí rẹ̀ lè má kọ JAMB rí, tàbí kó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi pẹ́ńsù kùn ún ni wọ́n kọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé gírámà kan ní Minna. Èmi ni olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí mo ń rí lọ́dọọdún ni pé SS3 ni ọ̀pọ̀ òbí ń jí. Wọ́n á mú ọmọ wá ní oṣù Kejì, nígbà tí ìdánwò JAMB kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní kí n bá àwọn wá nǹkan ṣe sí i. Lásìkò yẹn, ohun tó kù láti ṣe kì í pọ̀ mọ́. Orúkọ ọmọ ti lọ sí WAEC, ohun tó máa kọ ti wà lákọsílẹ̀. SS2 ni ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀.

1. Ẹni tó nígbàgbọ́ náà ń ṣírò

Láàárín àwa ọmọ ìdàpọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ pé, "Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ lórí ọmọ yẹn, dókítà ni yóò jẹ́." Àmín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo Jẹ́nẹ́sísì 41. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi àlá náà han Fáráò. Ọdún méje ọ̀pọ̀ ń bọ̀, ọdún méje ìyàn yóò sì tẹ̀ lé e. Kò sí iyèméjì nínú rẹ̀. Síbẹ̀, Jósẹ́fù kò sọ pé kí wọ́n lọ sùn torí pé Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n yan alábòójútó, kí wọ́n sì máa kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko pamọ́ ní gbogbo ọdún ọ̀pọ̀ náà. Bí kò bá sí abà, àlá náà ìbá ṣẹ, Íjíbítì ìbá sì kú sínú ìyàn.

Ní Lúùkù 14, ohun tí yóò ná ènìyàn láti tẹ̀ lé òun ni Jésù ń sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, kò sì yẹ ká fi tipátipá sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ̀ ló fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó wo àpò rẹ̀ kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ó ní láti jókòó. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lórí ìdúró. Òwe 24:27 náà fi iṣẹ́ oko ṣáájú ilé kíkọ́. Àwọn bàbá wa sì sọ tiwọn: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. SS2 ni òkèèrè yẹn.

2. Kí ni ọmọ ń kọ́, kí ló sì fẹ́ kà?

Ẹ jẹ́ kí ọmọ SS2 yín kọ gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe sórí ìwé. Lẹ́yìn náà, kó kọ kọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta tó wù ú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wá wò ó bóyá ọ̀tún bá òsì mu.

Nínú WAEC, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ló kéré jù, mẹ́sàn-án ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ní yunifásítì ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, kì í sì í ṣe márùn-ún èyíkéyìí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń fẹ́ English, Ìṣirò, Physics, Chemistry àti Biology. Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ Òfin, Lítíréṣọ̀ ni wọ́n sábà máa ń wò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn English. Ẹni tó fẹ́ ka Accounting tàbí Economics kò lè sá fún Ìṣirò, ìbáà ṣe nínú WAEC tàbí nínú JAMB. Bákan náà ni Computer Science: Ìṣirò àti Physics ló dúró lé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé kí àwọn ṣáà ti mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ ló kù.

Ní ti JAMB, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni, English sì jẹ́ dandan. Ìbéèrè 60 ni ti English, ìbéèrè 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì sì ni wọ́n fi ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò ti fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ wá ibi tí yóò tẹ̀. Máàkì 400 ni gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2025, 150 ni wọ́n fi lélẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dín fún yunifásítì, àmọ́ ẹnu ọ̀nà lásán nìyẹn. Kọ́ọ̀sì bí Ìṣègùn ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nígbà tí JAMB kọ́kọ́ gbé èsì ọdún náà jáde, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó kọ ọ́ tí máàkì wọn kò tó 200.

Máàkì nìkan kọ́. Ọmọ tó gba 280 pẹ̀lú sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kò bá kọ́ọ̀sì rẹ̀ mu kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ ọ́ rárá lójú àwọn tó ń gba ọmọ wọlé. JAMB ti kọ ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹ bá ọmọ kà á. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ fọ́ọ̀mù ní káfè.

Mo rántí ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa, tó ń lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Nọ́ọ̀sì ló ń wù ú láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ń ta òkìrìkà, ó sì ti ń dá àjọ nítorí ọjọ́ yẹn. Ní SS2, olùkọ́ Physics wọn lọ, wọn kò rí ẹlòmíràn fún sáà méjì. Ilé-ìwé ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi sọ́bújẹ́ẹ̀tì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ó mú Geography. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilẹ̀kùn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fọwọ́ ara rẹ̀ tì yẹn. Ìgbà tí òun àti ìyá rẹ̀ fi wá jókòó síwájú mi, ó ti wà ní SS3, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ WAEC láìsí Physics. A ó padà sọ́dọ̀ wọn.

3. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ìpínlẹ̀ abínibí

Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí ọmọ sunkún rí. Kò sí ẹni tó lè fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB láìní NIN, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN náà ni JAMB yóò sì lò. Bí ọmọ bá ń jẹ́ Olúwaṣeun ní ilé-ìwé, tó ń jẹ́ Ṣeun lórí NIN, tí lẹ́tà kan sì já nínú orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ tún un ṣe ní SS2. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí ló wọ́n jù, òun náà ló ń pẹ́ jù.

Níbi ọjọ́ ìbí yìí ni mo fẹ́ ká ti ṣọ́ra. Ọdún 16 ni ìjọba fi lélẹ̀ lọ́dún 2025 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí tí ọmọ gbọ́dọ̀ pé kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bí ọmọ yín kò bá ní tíì pé e, ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ má ṣe lọ búra ní kóòtù pé ọdún tí a kò bí i la bí i. Òǹtẹ̀ kóòtù kì í sọ irọ́ di òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ abínibí kan àwa Yorùbá tó ń gbé ní Minna, Kàdúná, Jos àti Àbújá gan-an. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní ìlànà tí wọ́n fi ń pín àyè: ìdá 45 nínú 100 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè. Ìpínlẹ̀ abínibí tí ọmọ kọ sínú fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ibi tó ń gbé. Wọ́n lè bí ọmọ sí Minna, kó gbọ́ Hausa àti Nupe bí ẹní mu omi. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ọ̀yọ́ ni lórí ìwé. Àwọn ará Kwara àti Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìdá 20 yẹn wà fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ìwé ẹ̀rí ìlú abínibí, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ nílé la ti ń gbà á. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì, ẹ gbà á lọ́wọ́ kan.

4. Iṣẹ́ wo, ta ló sì yàn án?

Bí mo bá ní kí ogójì ọmọ sáyẹ́ǹsì kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kà, Ìṣègùn ni èyí tó pọ̀ jù yóò kọ. Bí mo bá wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò gbọ́ pé, "Dádì ló fẹ́ ẹ." Mi ò bá àwọn bàbá jà. Ohun tí ojú wọn ti rí ló ń sọ̀rọ̀. Wọn kò fẹ́ kí ebi pa ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ bàbá kò lè bá ọmọ kọ Chemistry. Ọmọ tó fẹ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má lọ pẹ̀lú ẹnu lásán. Kó mú èsì sáà mẹ́ta lọ́wọ́, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Bàbá mi, ẹ wo ibi tí mo ti ń ṣe dáadáa, ẹ wo ibi tí mo ti ń tiraka. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó." Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ lé e lọ. Bàbá tí kò gbọ́ ti ọmọ lè gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n.

Ẹ ṣírò ọdún pẹ̀lú. Ọdún mẹ́fà ni Ìṣègùn, kí ọdún kan tí dókítà tuntun ń lò lábẹ́ àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn tó tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ ẹ̀rọ gba ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún náà ni Òfin, lẹ́yìn rẹ̀ ló kan Nigerian Law School. Ta ni yóò máa san owó ní ọdún kẹrin, nígbà tí àbúrò méjì bá ti wọ ilé-ìwé gírámà? Ẹ béèrè rẹ̀ báyìí. Láti ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láìsí èlé nípasẹ̀ NELFUND, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún tààrà. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni, àmọ́ gbèsè ni. Ẹni tó ti wọlé nìkan ló lè béèrè rẹ̀, kò sì sí fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, kó gba ND lẹ́yìn ọdún méjì, kó sì gba Direct Entry wọ yunifásítì. Ó lè lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mẹ́ta, kó gba NCE, kó gba ọ̀nà yẹn kan náà. Ó sì lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó mọ iná sólà tò dáadáa ní Minna kì í wá iṣẹ́ kiri. Iṣẹ́ ló ń wá a. Ẹ má jẹ́ kí a máa dárúkọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí nínú ìdàpọ̀ wa bí ẹni ń kẹ́dùn.

5. Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Ẹnì kan ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé "special centre" kan wà ní ẹ̀yìn ìlú, pé wọ́n á fi Physics sí i fún un nínú ìdánwò mìíràn, wọ́n á sì kọ ìdáhùn sójú pátákó. Owó tí wọ́n bù lé e súnmọ́ gbogbo àjọ tí obìnrin náà ti dá. Ó wò mí, ó ní, "Tísà, ọmọ yìí ní làákàyè. Àwọn ni wọn ò wá olùkọ́ fún un. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá fi owó mi tún un ṣe?"

Obìnrin àdúrà ni. Mi ò tíì rí ẹni tó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú tó jẹ́ pé ìwà ibi ló kó sọ́kàn. Àkókò tó ti lọ ló ń lé wọn. Mo ní, "Ìyá, òótọ́ ni pé wọ́n rẹ́ ọmọ yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni, mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yóò dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì." Kò dá mi lóhùn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pé kí n bá òun wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ náà ní Physics.

Ọmọ ìdàpọ̀ kan tó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ló kọ́ ọ, lọ́jọ́ Sátidé, láìgba kọ́bọ̀. Ó kọ WAEC rẹ̀ bó ṣe wà, ó sì fi orúkọ Physics sílẹ̀ nínú ìdánwò àwọn tí kò sí ní ilé-ìwé mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ ń gba èsì ìjókòó méjì, gbogbo wọn kọ́ ló ń gbà á. Ó wọlé lẹ́yìn tó ti fi ọdún kan gbáko jókòó sílé. Ọdún yẹn dùn ún, n kò ní purọ́. Ó wò bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n kan ìbá fi ìdajì wákàtí yanjú ní SS2 ló gba ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí ètò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ nìyẹn. A máa ń wàásù tako màgòmágó ìdánwò ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ìbẹ̀rù ti gba ọkàn àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìwàásù náà lọ́dún kan ṣáájú, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́.

6. Bí a ó ṣe pín ọdún náà

Sáà kìn-ín-ní: Ẹ fi sọ́bújẹ́ẹ̀tì wé kọ́ọ̀sì. Bí nǹkan kan bá yẹ ní pípààrọ̀, ìsinsìnyí ni. Ẹ wo NIN àti ìwé ọjọ́ ìbí.

Sáà kejì: Ẹ bá òbí sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àti owó. Ẹ mú ọmọ lọ síbi iṣẹ́ yín fún ọjọ́ kan, kó rí bí iṣẹ́ ṣe rí lójú ayé.

Sáà kẹta: Kó mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì méjì tó le jù fún un, kó wá olùkọ́ tàbí ẹ̀gbọ́n tí yóò ràn án lọ́wọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà.

Ìsinmi gígùn: Kó ka ìwé ohun tí JAMB ń béèrè lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó máa dáhùn ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú aago níwájú. Kó sinmi pẹ̀lú, ọmọ ṣì ni.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló yàtọ̀ láàárín gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run àti fífi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìbójútó? Ẹ lo Jẹ́nẹ́sísì 41 láti fi dáhùn.
2. Kí ni ẹ̀yin ìbá sọ fún ìyá tó béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni?
3. Ǹjẹ́ a máa ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe nínú ìdàpọ̀ wa? Báwo la ṣe ń fi hàn?
4. Ẹ dárúkọ ọmọ SS2 kan tí ẹ mọ̀. Ọjọ́ wo lẹ máa jókòó tì í?

Kókó àdúrà

Ẹ gbàdúrà fún ọgbọ́n fún àwọn ọmọ tó ń yan ọ̀nà, sùúrù fún àwọn òbí tó ń dá àjọ, àti ìgboyà fún ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn àmín, kí olúkúlùkù gbé fóònù rẹ̀, kó pe ọmọ tó dárúkọ rẹ̀ ní ìbéèrè kẹrin.